Ọwọ́ Ló Ń Gbẹ̀bí, Kì Í Ṣe Awò VR

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o.

Inú ló bí mi tí mo fi kọ lẹ́tà yìí, inú náà kò sì tíì rọ̀. Ọmọ àbúrò mi tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Aboyún kan wà nínú ilé wa, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ, mo bá ní kí ọmọ náà yẹ ikùn rẹ̀ wò, kó sọ ibi tí orí ọmọ wà fún mi. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e lé e. Kò mọ ibi tí yóò tẹ̀. Mo bi í pé kí ni wọ́n wá ń kọ́ wọn níbẹ̀. Ó ní, "Màmá, inú VR la ti ṣe é. A rí ọmọ náà kedere nínú ikùn."

VR yìí ni awò tí wọ́n ń dé sójú, tí kọ̀ǹpútà á fi gbé àwòrán wá síwájú ẹni bí ẹni pé ó wà níbẹ̀ gan-an. Wọ́n rí i kedere! Agbẹ̀bí wo ló ń rí inú ikùn ní yàrá ìrọbí? Ọwọ́ ló ń gbẹ̀bí.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń lọ. Wọ́n á ra awò VR, àwọn ọ̀gá ńlá á wá gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n á dé awò náà sójú ya fọ́tò, wọ́n á sì lọ. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ yìí wà, ọjọ́ tí awò wọlé ni wọ́n kó àwọn ọmọláńgidi tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ sí yàrá ẹrù. Wọ́n ní ayé ti kọjá ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọwọ́ ń mọ̀. Dókítà ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Leopold ló to àyẹ̀wò ikùn sí ìgbésẹ̀ mẹ́rin láyé àtijọ́, a sì ń lò ó títí dòní. Ọwọ́ ló ń ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A ó kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di òkè ikùn mú, ká mọ̀ bóyá orí ló wà níbẹ̀ tàbí ìdí. Orí le, ó rí roboto, bí a bá fi ìka tì í, òun nìkan ló ń mì. Ìdí rọ̀, ó fẹ̀ ju orí lọ, bí a bá tì í, gbogbo ara ọmọ ló ń bá a lọ. Lẹ́yìn náà la ó wá ẹ̀yìn ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ibẹ̀ á tẹ́jú, á sì le. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ á máa ta wá ní ìka. Ìgbà náà la ó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ohun tó kọjú sí ọ̀nà àbájáde àti bó ṣe wọlé tó. Kò tán síbẹ̀. Bí ọmọ bá ti jáde tí ibi sì ti tẹ̀lé e, ọwọ́ yìí náà ló máa sọ bóyá ilé-ọmọ ti le. Bó bá ṣì rọ̀, ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀ nìyẹn, agbẹ̀bí sì gbọ́dọ̀ máa fi ọwọ́ wọ́ ọ títí yóò fi le. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fojú bù ú pé ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn abiyamọ tó kú ní gbogbo ayé ní 2020 ló jẹ́ ti Nàìjíríà. Ẹ̀jẹ̀ yíya wà lára ohun tó ń pa wọ́n jù. Ṣé awò ni yóò bá wa wọ́ ilé-ọmọ?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé arúgbó tí ayé ti kọjá lórí rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tí VR lè ṣe. Ní Seattle ní Amẹ́ríkà, Hunter Hoffman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Washington ti ń fi í dín ìrora àwọn tí iná jó kù láti àwọn ọdún 1990. Bí wọ́n bá ń tọ́jú ojú egbò, aláìsàn á dé awò, á bá ara rẹ̀ láàárín yìnyín, ọkàn rẹ̀ á kúrò lára ọgbẹ́. Iṣẹ́ àánú gidi nìyẹn, ó sì wù mí kó dé gbogbo ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí iná jó nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ojú àti ọkàn ni ìyẹn ń bá ṣiṣẹ́. Ọwọ́ ló ń gbẹ̀bí.

Àwọn tó ni ìmọ̀ náà gan-an kò fojú kéré ọwọ́. Ní 1965, kí onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà kan, Ivan Sutherland, tó ṣe awò rẹ̀ tó so mọ́ òrùlé, ló ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rọ tí òun ń rò kò gbọdọ̀ mọ sórí ohun tí ojú ń rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Thomas Massie àti Kenneth Salisbury ní MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, ṣe apá irin kékeré kan tí wọ́n ń ki ìka bọ̀. Bí ìka bá kan ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, apá náà á tì í padà. Ìmọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní haptics. Nǹkan bíi bílíọ̀nù méjì dọ́là ni Facebook fi ra ilé iṣẹ́ Oculus tó ń ṣe awò VR ní 2014. Nígbà tó fi máa di 2021, tó ti yí orúkọ padà sí Meta, ó fi ibọ̀wọ́ kan han aráyé tí afẹ́fẹ́ ń wú lára ìka, kí ọwọ́ lè gbà pé òun di nǹkan mú. Ohun ìwádìí ló pè é, kò gbé e sọ́jà. Bí olówó tó tó bẹ́ẹ̀ kò bá tíì yanjú ọ̀rọ̀ ọwọ́, kí ló dé tí àwọn aláṣẹ wa fi ra awò lásán, tí wọ́n wá kó ohun tí ọwọ́ ń dì mú pamọ́? Ta ló ń fi àwòrán kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń ro àmàlà?

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń buwọ́ lu ìwé rírà kò dúró ti obìnrin tó ń rọbí rí. Wọn kì í bi agbẹ̀bí léèrè. Ohun tó bá ń tàn lójú ni wọ́n ń rà.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò wọ́n. Ní 1759, Ọba Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún ilẹ̀ Faransé fún agbẹ̀bí kan tó ń jẹ́ Angélique du Coudray ní ìwé àṣẹ pé kó máa lọ káàkiri kọ́ àwọn obìnrin ìgbèríko ní iṣẹ́ ìgbẹ̀bí. Ọmọláńgidi ló gbé rìn: ìsàlẹ̀ ara obìnrin tí wọ́n fi aṣọ àti awọ rán, pẹ̀lú ìkókó aṣọ tí wọ́n lè yí sí ipòkípò. Ọ̀kan ṣì wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Rouen dòní.

Télọ̀ wo ni kò lè rán irú ẹ̀ ní Ìbàdàn? Kí wọ́n fi fóòmù kún ikùn náà. Kí orí ìkókó jẹ́ ohun líle, kí ìdí rẹ̀ jẹ́ fóòmù rírọ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ wẹ́wẹ́. Fún ilé-ọmọ, kí wọ́n lo fèrè rọ́bà tó nípọn, irú èyí tí à ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, kí wọ́n so ó mọ́ bọ́ọ̀lù rọ́bà tí à ń fún lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wọ́ ọ dáadáa, olùkọ́ á fún afẹ́fẹ́ sí i kó le. Bó bá ń fi ọwọ́ ṣeré, olùkọ́ á jẹ́ kó rọ̀, omi pupa á sì máa tú jáde títí yóò fi ṣe é bó ṣe yẹ. Mọ́tò kékeré tó ń mú fóònù gbọ̀n kún ọwọ́ àwọn tó ń tún fóònù ṣe, nínú àwọn fóònù tó ti kú. Kí wọ́n rán an sábẹ́ aṣọ níbi tí ẹsẹ̀ ọmọ wà, kó máa ta akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ìgbà yìí ni kí wọ́n wá dé awò VR tí wọ́n ti fi owó ìlú rà. Ojú á máa rí obìnrin, ọwọ́ á máa kan ikùn.

Ìwádìí ti fi hàn pé irú èyí ń ṣiṣẹ́. Ní Yunifásítì North Carolina ní Chapel Hill, wọ́n mú kí ẹni tó dé awò VR máa rí ara rẹ̀ létí kòtò jíjìn, wọ́n sì tẹ́ pákó tí kò ga rárá sílẹ̀ ní tòótọ́ níbi tí etí kòtò wà. Àyà àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kan etí pákó náà lù kìkì ju ti àwọn tó kàn fojú rí kòtò lọ. Pákó lásán ló ṣe ìyẹn o!

Kí wọ́n pe àwọn ọ̀dọ́ wa tó mọ iṣẹ́ yìí, irú àwọn Imisi 3D, ibùdó iṣẹ́ VR tí Judith Okonkwo dá sílẹ̀ ní Èkó, kí wọ́n jókòó ti àwọn agbẹ̀bí. Kí ìwé rírà kankan má kọjá láìsí ìbuwọ́lù agbẹ̀bí. Kí wọ́n san owó àwọn olùkọ́ lásìkò.

Ṣùgbọ́n èyí tó kọ́kọ́ kàn ni kí wọ́n ṣí yàrá ẹrù yẹn lọ́la, kí wọ́n kó àwọn ọmọláńgidi jáde. Mo ti gé pátánì ikùn aṣọ tí mo ń sọ sórí páálí, mo sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ ẹ, kó wá gbà á ní ọ́fíìsì yín lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá pè mí, màá wá fi bí wọ́n ṣe ń kún un hàn wọ́n.

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.