Owó èèbù fún ìwádìí àwọn tí wàhálà lé nílé

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Owó kékeré tí àwọn àjọ máa ń fún ẹgbẹ́ olùwádìí láti fi dá iṣẹ́ sílẹ̀, owó èèbù ló yẹ ká máa pè é. Èèbù kì í ṣe ohun tí à ń gún níyán. Síbẹ̀, ẹ wo ìwé tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń tọrọ owó lórí ọ̀rọ̀ àwọn tí wàhálà lé kúrò nílé: kọ̀ǹpútà àti jẹnẹrétọ̀ ló máa ń síwájú, ẹ lè wá owó ògbufọ̀ tì níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti ògbufọ̀ yẹn. Ká ní wọ́n fọ̀rọ̀ wá èèyàn 20 lẹ́nu wò, wákàtí kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó máa tẹ́tí sí wákàtí kan, tó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, á lo nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà lórí rẹ̀. Wákàtí 120 ti lọ nìyẹn, a ò tíì túmọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Bí obìnrin tó sá kúrò ní Borno bá wá ń sọ Kànúrí, tí ẹnì kan ń sọ ọ́ di Hausa, tí ẹlòmíì ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ta ni yóò bá wọn ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́?

Ìbéèrè tí wọn ò kọ́kọ́ dán wò tún léwu ju ìyẹn lọ. Ẹ bi àwọn tí ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ ti 1997 sí 2000 lé jáde pé, “Ṣé ẹ ti padà sílé?” Ẹnì kan á ní bẹ́ẹ̀ ni, torí ó ti wà nínú ìlú. Aládùúgbò rẹ̀ á ní rárá, torí ilé bàbá rẹ̀ tó jóná kò tíì dìde. Ilé tó jẹ́ ìlú, ilé tó jẹ́ agboolé, ilé tí a kan páànù lé, ojú kan náà ni wọ́n máa kó gbogbo ìdáhùn wọ̀nyí sí. Iṣẹ́ owó èèbù gan-an rèé: kí wọ́n gbé ìbéèrè lọ bá èèyàn 10, kí wọ́n tún un kọ, kí wọ́n tún gbé e lọ bá èèyàn 10 mìíràn. Kí àwọn tó ń béèrè sì wá láti ìhà méjèèjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rín àti “ẹ kú iṣẹ́” nìkan ni wọ́n á gbà bọ̀.

Ti ìwé àṣẹ láti ṣe ìwádìí ńkọ́? Bí yunifásítì mẹ́ta bá da iṣẹ́ pọ̀, ìgbìmọ̀ mẹ́ta ló lè fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó bá àwọn tí wàhálà lé nílé sọ̀rọ̀. Oṣù 12 tí wọ́n fún wọn ti ń lọ látọjọ́ tí wọ́n buwọ́ lu àdéhùn. Bí ìyanṣẹ́lódì bá tún wọ̀ ọ́, ó parí. Ọjọ́ tí àṣẹ bá jáde ló yẹ kí ẹni tó ń fúnni lówó bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù, kó sì ti san díẹ̀ ṣáájú fún ìpàdé àti ọkọ̀. Kí wọ́n gba kí èèyàn fẹnu sọ pé òun gbà. Ẹni tó ti tẹ̀ka sí oríṣiríṣi ìwé ní àgọ́ láìrí nǹkan kan gbà, ìka rẹ̀ kì í yá mọ́. Nọ́ńbà nìkan ni kó wà lára ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Kí ìwé orúkọ wà níbòmíì.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pè fún ìbéèrè owó. Nínú àdéhùn àgbáyé ti 1951, ẹni tó sọdá ààlà orílẹ̀-èdè rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù inúnibíni ni ogunléndé. Àdéhùn Kampala ti 2009, tó jẹ́ ti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, wà fún ẹni tí wọ́n lé àmọ́ tí kò sọdá. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kúrò. Ọ̀pọ̀ ará Ọgbọ́mọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìnísà ló di ẹrù wálé nígbà náà. Orílẹ̀-èdè wọn ni wọ́n padà sí, nítorí náà kò sí èyí tó gbà wọ́n nínú àdéhùn méjèèjì, ìkéde tó bá sì kọ “ogunléndé” nìkan ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Ẹni tó jẹ́ ọmọ 20 ọdún lọ́dún náà ti lé ní 75 báyìí.

Àwa olùwádìí mélòó kan,
Ilé-Ifẹ̀.