Ẹ̀sùn lórí pulọ́ọ̀tì ilé tí ẹ polówó ní ilẹ̀ croft ní erékùṣù Skye

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Mo kọ lẹ́tà yìí láti fi ẹ̀sùn kan ilé-iṣẹ́ yín lórí ilẹ̀ croft (oko kékeré tí òfin àkànṣe ń darí ní Scotland) onéékà 9 ní erékùṣù Skye, tí ẹ fi èdè Yorùbá polówó fún àwa tí a ń gbé ní Scotland. Ohun tí ẹ kọ ni pé ó jẹ́ “ilẹ̀ oko pẹ̀lú pulọ́ọ̀tì ilé tó ti ṣetán fún kíkọ́.” Gbólóhùn yẹn ni èmi àti ọkọ mi gbọ́kàn lé tí a fi mú owó tí a ti ń kó jọ fún ọdún 6 jáde. Pulọ́ọ̀tì náà kò ṣetán rárá.

Nílé, ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́n kì í sanwó ilẹ̀ láìwádìí, nítorí wàhálà ọmọ onílẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi tètè gba agbẹjọ́rò. Nígbà tó ní kí ẹ fi ìwé tí Crofting Commission, àjọ tó ń bójú tó ilẹ̀ croft, fi yọ pulọ́ọ̀tì ilé kúrò lára ilẹ̀ croft ránṣẹ́, ìwé àṣẹ ìkọ́lé láti ọ̀dọ̀ Highland Council, ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, ni ẹ fi ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwé tó béèrè àti èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ kò jọra. Council lè fún èèyàn láyè láti kọ́lé sórí ilẹ̀ kan, kí ilẹ̀ náà sì ṣì wà lábẹ́ òfin croft síbẹ̀. Láti ọdún 1886 ni òfin ti ń dáàbò bo àwọn àgbẹ̀ tó ń ro ilẹ̀ croft kí onílẹ̀ má baà lé wọn bó ṣe wù ú, mi ò sì lòdì sí òfin náà. Ṣùgbọ́n nítorí rẹ̀ ni báńkì kì í fi í fẹ́ yáni lówó lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé bí gbèsè kò bá ṣeé san, kò ní rọrùn fún un láti gba ilẹ̀ náà tà. Ohun tí báńkì wa sọ fún wa gan-an nìyẹn.

A tún béèrè lórí fóònù bóyá a lè máa gbé Inverness kí a sì máa lọ sóko lópin ọ̀sẹ̀. Òṣìṣẹ́ yín dáhùn pé kò séwu. Ewu wà, nítorí òfin ní kí ẹni tó ni croft máa gbé láàárín kìlómítà 32 sí i, kí ó sì máa ro ó.

Ọ̀rọ̀ ààlà ló dùn mí jù. Nígbà tí a lọ wo ilẹ̀ náà, èèkàn tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn lórí wà lẹ́bàá ọgbà wáyà, ibẹ̀ ni àwòrán yín sì fi ṣe ààlà. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń da àgùntàn nítòsí wá bá wa, ó gbé ọwọ́ lé wáyà náà, ó ní wọ́n kàn ṣe é nítorí ẹran ni, pé kòtò omi tó wà níwájú ni ààlà. Mo fi ẹsẹ̀ wọn àárín wáyà àti kòtò náà: ìṣísẹ̀ 14 ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì pulọ́ọ̀tì tí ẹ fẹ́ tà fún wa. Croft náà kò tíì sí nínú Crofting Register, ìwé tí wọ́n ń forúkọ ilẹ̀ croft àti ààlà rẹ̀ sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, bàbá yẹn ní oṣù 9 láti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Scottish Land Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀. Ẹ kò sọ ìkankan nínú èyí fún wa.

A dúpẹ́ pé agbẹjọ́rò wa kò tíì parí ìwé àdéhùn. Síbẹ̀, £1,865 ni a ti san fún òun àti ẹni tó wọn ilẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà. Mo fẹ́ kí ẹ yọ ọ̀rọ̀ “tó ti ṣetán fún kíkọ́” kúrò nínú ìpolówó náà, nítorí ó ṣì wà níbẹ̀ láàárọ̀ yìí, ẹlòmíràn sì lè kó owó ọmọ rẹ̀ lé e. Bí ọ̀sẹ̀ 8 bá pé tí ẹ kò yanjú ọ̀rọ̀ yìí, mà á gbé e lọ sọ́dọ̀ The Property Ombudsman, tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí àwọn tó ń bá èèyàn ta ilé àti ilẹ̀. Àwòrán ilẹ̀ náà àti ìwé ẹ̀rí owó tí a san wà nínú àpòòwé yìí.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Oníbàárà yín ní Inverness