Ẹni tó bá mú un lọ́wọ́ ni wọ́n á gbà gbọ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ka ètò kọ̀ǹpútà tí o fi ránṣẹ́ sí mi láti òkè délẹ̀. Iṣẹ́ náà gún régé, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n ìlà kan wà nínú rẹ̀ tí ó lé oorun lójú mi: o so access token rẹ, ọ̀rọ̀ àṣírí tí ètò fi ń fi hàn pé a fún un láṣẹ, mọ́ ìdí àdírẹ́sì tí ètò náà ń pè, lẹ́yìn àmì ìbéèrè. Mo da àdírẹ́sì náà kọ sínú kọ̀ǹpútà tèmi, server, kọ̀ǹpútà tí ń dáhùn ìbéèrè, sì dá mi lóhùn 200, ìyẹn pé ó gbà, ó kó gbogbo dátà rẹ lé mi lọ́wọ́ bí ẹni pé ìwọ ni mo jẹ́.

Àdírẹ́sì kì í pa àṣírí mọ́. Browser a máa tọ́jú rẹ̀, server a sì máa kọ ọ́ sínú fáìlì log, àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀. Inú header, apá tó ń ṣáájú dátà nínú ìbéèrè, ni kí o gbé token sí, ní ìlà Authorization: kí o kọ Bearer, kí o fi àlàfo kan sílẹ̀, kí token tẹ̀ lé e, gẹ́gẹ́ bí RFC 6750, ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì kan, ti là á sílẹ̀ ní ọdún 2012. Inú Bearer yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà: ẹni tí ó bá mú un lọ́wọ́ ni server máa ń kà sí oníǹkan, kò ní bi í pé níbo ni ó ti rí i. Ìwé kan náà dámọ̀ràn pé kí ẹ̀mí token má ju wákàtí kan lọ. Ọjọ́ 30 tí o fún tìrẹ ti pọ̀ jù.

Má rò pé mo ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà ti ní kí ètò mi máa tẹ header sínú log nígbà tí mo ń wá àṣìṣe kan, mo rí àṣìṣe náà, mo gbàgbé ìlà tí ń tẹ̀ ẹ́, àfi ìgbà tí ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́ pè mí pé, "Ẹ wò ó, token yín ló sùn gbalaja sílẹ̀ yìí."

Ibi tí o ti ní kí ètò tún béèrè nígbàkígbà tí server bá kọ̀, tún un rò. Èsì 401 láti ọ̀dọ̀ server ń sọ pé token kò sí, tàbí pé ó ti kú. Nígbà náà ni kí o fi refresh token, token kejì tí a fi ń gba access token, gba tuntun, kí o sì tún béèrè lẹ́ẹ̀kan péré. Ní ti 403, server mọ̀ ọ́, àṣẹ tí a fún ọ ni kò dé ibẹ̀. Èyí tí ó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni kí ìbéèrè mẹ́wàá pàdé 401 pa pọ̀, kí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì sáré lọ gba tuntun. Ọ̀pọ̀ server a máa pààrọ̀ refresh token ní gbogbo ìgbà tí a bá lò ó. Bí wọ́n bá tún rí ti àtijọ́, wọ́n á gbà pé olè ti wọlé, wọ́n á fagi lé gbogbo rẹ̀, ẹni tí ń lo ètò rẹ á sì bá ara rẹ̀ níta láìmọwọ́mẹsẹ̀. Jẹ́ kí ọ̀kan ṣoṣo lọ, kí àwọn yòókù dúró dè é.

Ti client secret, ọ̀rọ̀ àṣírí ti ètò fúnra rẹ̀, tí o fi sínú ètò orí fóònù, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀: ohun tí a bá pín fún gbogbo ènìyàn kì í ṣe àṣírí mọ́. PKCE ni kí o lò: ètò á máa ṣe àṣírí tuntun fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹni tí ń lò ó bá fẹ́ wọlé.

Ṣùgbọ́n kí o tó ṣe èyíkéyìí, fagi lé token tí mo rí yẹn lónìí. Kí o kàn pa ìlà náà rẹ́ kò tó, nítorí git, tí ń tọ́jú gbogbo ẹ̀dà àtijọ́ ètò, ṣì ní i lọ́wọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ