Ta ló ní Mùsùlùmí dákẹ́?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn yìí, gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń rà á. Lẹ́tà tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tí ọ̀gbẹ́ni kan ti ń béèrè pé kí ló dé táwọn Mùsùlùmí kì í fọhùn tí Boko Haram bá ti ṣọṣẹ́, òun ló jẹ́ kí n mú bírò. Mi ò bínú sí i o, ìbéèrè yẹn náà ni wọ́n ń bi mí ní ṣọ́ọ̀bù, nínú bọ́ọ̀sì, kódà lórí WhatsApp mọ̀lẹ́bí wa tí ìdajì jẹ́ Onígbàgbọ́ tí ìdajì jẹ́ Mùsùlùmí, bọ́ǹbù ò ní tíì dún tán ní Bọ̀rọ̀nú tí ẹnìkan á ti kọ ọ́ pé "àwọn èèyàn yín tún ti ṣe é o". Èèyàn mi kẹ̀? Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ ti àwọn èèyàn mi yẹn.

Ṣé ẹ gbọ́ nípa Sheikh Ja'afar Mahmud Adam rí? Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá ò mọ̀ ọ́n torí Haúsá ló fi ń ṣe wáàsí. Kano ló ń gbé, àmọ́ tí Ààwẹ̀ bá ti dé, Maiduguri ló ń lọ láti túmọ̀ Kùránì ní mọ́ṣáláṣí Indimi, Muhammad Yusuf tó dá Boko Haram sílẹ̀ yìí sì wà lára àwọn tó ń jókòó gbọ́rọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Nígbà tí Yusuf wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé haráámù ni ilé ìwé, haráámù ni iṣẹ́ ìjọba, Ja'afar ò dákẹ́, kò ní ọmọ mi ni, ó bọ́ sí gbangba ó ní irọ́ ni, pé tí Mùsùlùmí ò bá kàwé ta ló fẹ́ bá wọn tọ́jú aláìsàn, ta ló fẹ́ bá wọn jókòó níbi tí wọ́n ti ń ṣòfin. Oṣù kẹrin 2007, ọjọ́ Jímọ̀, ó ń kírun Àsùbáà lọ́wọ́ ní Dorayi ní Kano, òun ló wà níwájú gẹ́gẹ́ bí ìmáàmù, ni àwọn oníbọn bá wọlé, wọ́n yìnbọn pa á. Ọjọ́ kejì ni ìdìbò gómìnà, torí ẹ̀ làwọn kan ṣe ní òṣèlú ló pa á, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tó mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láàárín òun àti Yusuf gbà pé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Yusuf ló ti wá.

Ẹni tó bá ti lọ ilé kéú díẹ̀ á ti rántí nǹkan. Báyìí náà ni wọ́n ṣe pa Sàyìdínà Alíyù, ọkọ ọmọ Ànábì, ní Kufa lọ́dún 661, inú Ààwẹ̀ ni, àsìkò Àsùbáà ni, ara Kháwáríjì lẹni tó pa á, àwọn yẹn tó jẹ́ pé Mùsùlùmí tí kò bá ti gbà pẹ̀lú wọn, kèfèrí ni, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti tọ́ sí títa sílẹ̀ lójú wọn. Ìdí táwọn áfáà òkè Ọya fi ń pe Boko Haram ní Kháwáríjì nìyẹn, wọn ò kàn bú wọn lásán, wọ́n mọ irú ẹni tí wọ́n jọ.

Kò sì tán lórí Ja'afar. Sheikh Auwal Albani ní Zaria náà ń ta kò wọ́n, ó ń bọ̀ láti ibi tó ti lọ kọ́ àwọn èèyàn ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2014, wọ́n pa òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀, Shekau tó jẹ́ ọ̀gá Boko Haram nígbà náà fúnra ẹ̀ ló jáde nínú fídíò pé àwọn làwọ́n ṣe é. Shehu Bọ̀rọ̀nú, wọ́n fi bọ́ǹbù kọ lù ú bó ṣe kírun Jímọ̀ tán ní 2012. Emir Kano Ado Bayero, wọ́n yìnbọn sí i ní 2013, àwọn tó tẹ̀ lé e ló kú. Emir Gwoza ń lọ kí wọn kú ọ̀fọ̀ ní Gombe ní 2014, ojú ọ̀nà ni wọ́n pa á sí. Lọ́dún yẹn náà ni Emir Sanusi, tó jẹ lẹ́yìn Bayero, sọ fún àwọn ará Kano pé kí wọ́n gbèjà ara wọn, kò pẹ́ sígbà náà ni bọ́ǹbù dún ní mọ́ṣáláṣí ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló kú, àwọn tó ṣẹ́kù ló sì kọjú sí àwọn oníbọn náà. Ṣé ẹni tó dákẹ́ ni wọ́n ń lé kiri báyìí?

Àwọn tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí tiẹ̀ kọ́ làwọn tó lórúkọ. Àwọn ọ̀dọ́ Maiduguri ni, àwọn tí wọ́n ń pè ní Kato da Gora, igi àti àdá ni wọ́n kọ́kọ́ gbé dání ní 2013, Mùsùlùmí lèyí tó pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n sì mọ ilé tí Boko Haram ń sùn sí torí ará àdúgbò wọn ni, wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù rí, àwọn ló ń wọlé lọ mú wọn jáde fún sójà. Mi ò ní wọ́n mọ́ tónítóní o, wọ́n ti ṣi agbára lò, àjọ UN ní wọ́n ń kó ọmọdé mọ́ra títí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé ní 2017 pé àwọn ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi igi lásán lọ bá oníbọn, ẹ ò lè pè é ní ẹni tí kò fọhùn.

Ẹ tún wá wo ti Alhaji Umaru Mutallab. Olówó ni, ó ti ṣe mínísítà rí, ó ti ṣe alága First Bank, ó rí i pé ọmọ òun, Umar Farouk, ti ń bá àwọn agbésùnmọ̀mí rìn, ó dìde lóṣù kọkànlá 2009 ó lọ fi ọmọ bíbí inú ẹ̀ sùn ní ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà l'Ábújá. Ẹ fojú ara yín wò ó, bàbá mélòó ló lè ṣe é? Wọ́n kọ orúkọ ọmọ náà sílẹ̀ lóòótọ́, wọn ò gba físà lọ́wọ́ ẹ̀, ó wọ bàlúù l'Ékòó, ó gba Amsterdam, ọjọ́ Kérésìmesì ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Detroit pẹ̀lú bọ́ǹbù nínú pátá, Ọlọ́run ló ní kó má dún, iná ló kàn ràn. Àwọn áfáà Maiduguri náà ti kìlọ̀ fún ìjọba kí ogun tó wà láàárín Boko Haram àti àwọn agbófinró ní July 2009 tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní àwọn ò gbọ́ ohùn Mùsùlùmí, kó kọ́kọ́ lọ bi àwọn tí wọ́n sọ ọ́ sí létí.

Tóò, mo ti gbèjà tó, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí. Nígbà tí wọ́n pa Deborah Samuel, ọmọ Onígbàgbọ́ tó ń kàwé ní Ṣókótó, ní May 2022, torí ohun tó sọ lórí WhatsApp kíláàsì wọn, tí wọ́n ní ó fi tàbùkù Ànábì, ààfin Súlútánì sọ pé ìwà yẹn ò dáa, àwọn ọ̀dọ́ kan sì ya lọ síwájú ààfin náà láti fẹ̀hónú hàn, wọ́n ní kí wọ́n tú àwọn tí ọlọ́pàá mú sílẹ̀, àfìgbà tí gómìnà kéde kónílé-ó-gbélé. Àmọ́ àwọn áfáà kan wà, àní títí dé ilẹ̀ Yorùbá níbí, ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi ní pípa ò dáa, wákàtí kan ni wọ́n fi ṣàlàyé ohun tí ọmọ náà jẹbi. Ẹ gbà mí, irú ìyẹn burú ju kéèyàn panu mọ́ lọ. Isa Ali Pantami tó padà di mínísítà ló bá Muhammad Yusuf jiyàn ní Bauchi, ó ṣe é dáadáa, òun náà ni wọ́n gbé wáàsí rẹ̀ àtijọ́ jáde ní 2021 níbi tó ti ń gbè sẹ́yìn Taliban àti al-Qaeda, ó ní òun ti yí èrò padà. Ó dáa tó yí i padà, ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ ń kọ́, ta ló lọ wá wọn rí?

Mo ti rí èyí tó wù mí ṣá. Wáàsí kan ní àdúgbò wa, áfáà ọ̀dọ́ kan gba gbohùngbohùn, ó ń sọ pé ẹni tó bá jẹ ìrẹsì Kérésìmesì ti di ọ̀kan lára wọn, pé ká má kí wọn, ká má bá wọn da nǹkan pọ̀, ohùn ẹ̀ ń lọ sókè. Ni Alhaji àgbàlagbà kan bá dìde láàárín jàmáà, ó ní "Áfáà, ìyá tó bí mi, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ títí tó fi kú, èmi ni mo sin ín, ṣé ẹ fẹ́ kí n lọ hú u ni?" Gbogbo èèyàn dákẹ́, lẹ́yìn náà àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, áfáà wa yí ọ̀rọ̀ sí sákà. Wọn ò lé e, ó ṣì ń ṣe wáàsí, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ti ìrẹsì yẹn lẹ́nu ẹ̀ mọ́.

Torí náà ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ àwọn lèmọ́mù wa nìyí, kí wọ́n dín sítétímẹ́ǹtì tí wọ́n ń kà fún oníròyìn lẹ́yìn tí òkú ti sùn kù, èyí tó jẹ́ pé áyà kan náà ni wọ́n máa ń kà nínú Súrátù Máídà, kí wọ́n sọ̀rọ̀ Kháwáríjì àti Ja'afar nínú kútúbà, ní Yorùbá tó yé ọmọ mẹkáníìkì, lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ohunkóhun ò ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin Olóòtú náà, ẹ bá wa kọ ìtàn Ja'afar àti Albani sínú ìwé ìròyìn yìí ní kíkún, kẹ́ ẹ fún un ní ojú ewé odindi bí ẹ ṣe máa ń fún Shekau nígbà ayé ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni tó kọ lẹ́tà yẹn, mo kí yín o, tẹ́ ẹ bá kà á tán ẹ tún kọ̀wé, màá wá a rà.

Èmi òǹkàwé yín láti Ìwó.