Ẹ má fi Marseille nìkan wọn Cha Bum-kun

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àròkọ tí ẹ gbé sójú ewé eré ìdárayá yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí akọ̀wé yín ti ní ẹni tó mọ góòlù gbá kì í mọ ẹlòmíì kọ́. Cha Bum-kun, agbábọ́ọ̀lù ará Gúúsù Kòríà tó padà di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ló fi ṣẹ̀rí. Ẹ̀rí ọ̀hún kò pé.

Ti pé ọkùnrin náà mọ bọ́ọ̀lù, kò síyàn níbẹ̀. Kí Jay-Jay Okocha wa tó dé ẹgbẹ́ Frankfurt ní Jámánì rárá ni Cha ti bá wọn gba ife UEFA, ní 1980. Ó bá Leverkusen, ẹgbẹ́ Jámánì mìíràn, náà gbà á ní 1988: òun ló forí kan góòlù kẹta wọlé tí ọ̀rọ̀ àwọn àti Espanyol ti Sípéènì fi di pẹnáríti. Góòlù 98 ló jẹ ní líìgì Jámánì.

Iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ni àríyànjiyàn wà. Lóòótọ́, Netherlands fi 5-0 na Kòríà, tí Cha ń kọ́ nígbà náà, ní Marseille ní Ife Àgbáyé 1998, wọ́n sì fọwọ́ òsì júwe ilé fún Cha nígbà tó ṣì ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. (Àwa náà kọ́? Denmark fún wa ní 4-1 lọ́dún yẹn.) Guus Hiddink tó kó Netherlands wá lọ́jọ́ náà ni Kòríà fúnra wọn padà gbà síṣẹ́.

Ohun tí akọ̀wé yín fò kọjá ni December 2004. Suwon tí Cha ń kọ́ àti Pohang ń du líìgì Kòríà, ó di pẹnáríti. Ó wá kan Kim Byung-ji, aṣọ́lé Pohang, láti gbá tirẹ̀. Kim yìí ló wà lẹ́nu ilé ní Marseille tí márùn-ún fi wọlé. Ọ̀dọ̀ Cha ló sì ti bẹ̀rẹ̀ ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Hyundai. Ó gbá a, Lee Woon-jae, aṣọ́lé Suwon, mú un. Bọ́yá ẹnu Cha lè ròyìn bó ṣe rí lára rẹ̀. Ní 2008 ó tún gba líìgì náà, FC Seoul ni wọ́n nà nínú yìnyín tó ń bọ́.

Ẹ bá mi bi akọ̀wé yín: líìgì méjèèjì yẹn, ta ló bá a gbà á?

Èmi ni òǹkàwé yín,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn