Ẹ Ta Oníìlù Náà fún Mi ní Òun Nìkan

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹnìkan kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ìwà ọmọdé ni kí àgbàlagbà máa kó ère sójà kéékèèké jọ, kó máa kùn wọ́n lọ́dà, pé bí owó rẹ̀ bá ti ga jù, kí a pa á tì. N kò bá a jiyàn lórí ìwà ọmọdé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo kun agẹṣin mi àkọ́kọ́. Mo ti lé lọ́gọ́ta báyìí, ẹṣin náà ò sì ju ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ títí dòní. Pípa á tì ni n kò gbà.

Oníìlù kan ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Ọmọ ogun Faransé ayé Napoleon ni mò ń kó jọ, àwọn tí gíga wọn tó bíi mílímítà 28. Oníìlù kan ṣoṣo ló kù kí ìlà iwájú pé, inú páálí ère 40 ni wọ́n sì fi í sí. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣe é pé kí wọ́n jọ̀wọ́ ta òun nìkan fún mi, kódà kó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta iye tó yẹ. Èsì wọn kún fún ọ̀wọ̀: àwọn kì í tú páálí. Ni mo bá ra 40 nítorí ẹyọ kan. Àwọn 39 yòókù ṣì wà lára férémù ike wọn, n kò tíì fi ọ̀bẹ kàn wọ́n.

Wọ́n á ní irin tí àwọn gbẹ́ láti fi da ike ló wọ́n. Òótọ́ ni, owó ńlá ló ń bá a lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ère ló ń tinú rẹ̀ jáde. Páálí kan wà tí mo rà ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Mo tún un rà lọ́dún yìí, ère kan náà ló wà níbẹ̀, àwòrán ara páálí nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Owó rẹ̀ ò dúró síbi tó wà o.

Ní 1893, ilé iṣẹ́ William Britain, tó ń ṣe ohun ìṣeré ní Lọ́ńdọ̀nù, rí ọgbọ́n dá sí ọ̀rọ̀ owó ère. Bí òjé gbígbóná bá ti gán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n dà á sí, wọ́n á da èyí tó ṣì ń ṣàn láàárín jáde, sójà á wá jáde, inú rẹ̀ á ṣófo. Òjé tí wọ́n ń lò dín, ó fúyẹ́, wọ́n sì lè tà á lówó tó rọjú ju ti àwọn ará Jámánì tí inú tiwọn dì. Olùrà náà jẹ nínú ọgbọ́n yẹn.

Ọ̀dà ńkọ́? Ìgò ọlọ́mọrí oní-mílílítà 12 ni mo ti ń lò látijọ́. Ìdérí rẹ̀ kì í dé mọ́ bí ọ̀dà bá ti gán sí i létí, n ó kàn ṣí i lọ́jọ́ kan, n ó bá òkúta. Ìgò tí ń kán tótó, tó gba 17, ò ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí. Ti burọ́ọ̀ṣì Kolinsky mi, ẹ̀bi tèmi ni: mo jẹ́ kí ọ̀dà gun irin tó di irun mú, ṣóńṣó rẹ̀ là sí méjì. Irun ìrù ẹranko láti Siberia, kí ló fẹ́ ṣe tí kò ní wọ́n?

Kí n má parọ́, àwa olùrà náà dá kún un. Wọ́n kàn ní láti kọ “ìwọ̀nba ló kù” sára páálí ni, ọwọ́ wa á ti wà lápò. Ìyàwó mi ló ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká ka àwọn tí ẹ ò tíì kùn.” A kà wọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan: 212, láìka àwọn tó wà lẹ́yìn ìwé tí n kò fi hàn án. Mo ti búra pé n kò ní ra òmíràn àfi tí mo bá kun 100. Mo ti kun 11.

Ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè gbé e jáde. Mò ń wá ẹṣin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Oníìlù