Ta ni ó ka eruku náà?

Olóòtú àgbà,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí asbestos, èyí tí wọ́n fi ṣe òrùlé àti àjà ọ̀pọ̀ ilé àti ilé ẹ̀kọ́ wa láyé àwọn bàbá wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbọ́ pé eruku rẹ̀ léwu. Ohun tí a kì í sábà béèrè ni ẹni tí ó sọ fún aráyé nígbà kan pé ìwọ̀n báyìí kò lè pa ènìyàn.

Nellie Kershaw ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Turner Brothers ní ìlú Rochdale, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó ti ń ran asbestos bí ẹní ran òwú. Ó kú ní 1924, ní ẹni ọdún 33, Dókítà William Cooke sì rí asbestos náà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Síbẹ̀, iléeṣẹ́ náà kọ̀ láti dá sí owó ìsìnkú rẹ̀, torí pé bí wọ́n bá san ti ẹnì kan, àwọn yòókù yóò béèrè tiwọn. Òfin tí ìjọba ibẹ̀ ṣe lórí eruku asbestos ní 1931 kan apá díẹ̀ nínú iṣẹ́ iléeṣẹ́ nìkan. Kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń gé e tí wọ́n sì ń kàn án mọ́ ilé.

Ibi tí ó ká mi lára jù ni ti ọdún 1968. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ nípa ìlera níbi iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé òṣùwọ̀n kan jáde nígbà náà: fọ́nrán asbestos 2, ìyẹn okùn tín-ín-tín inú eruku rẹ̀, nínú mìlílítà afẹ́fẹ́ kan. Wọ́n ní bí òṣìṣẹ́ bá fi 50 ọdún mí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ni àmì àìsàn ẹ̀dọ̀fóró yóò hàn lára rẹ̀. Ara òṣìṣẹ́kùnrin 290 ní iléeṣẹ́ Rochdale kan náà ni wọ́n ti fa ìṣirò yìí yọ. Dókítà iléeṣẹ́ ni ó yẹ̀ wọ́n wò, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ni ó wọn eruku, àwọn tí iléeṣẹ́ asbestos ń san owó oṣù fún sì wà nínú ìgbìmọ̀. Àwọn tí wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n kà, wọn kò ka àwọn tí àìsàn ti lé lọ sílé. Wọn kò sì ka àrùn jẹjẹrẹ mọ́ ọn rárá, bẹ́ẹ̀ láti 1955 ni onímọ̀ ìṣègùn Richard Doll ti fi hàn pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń pa òṣìṣẹ́ ibẹ̀ gan-an, nínú ìwé tí àwọn aláṣẹ iléeṣẹ́ náà sapá kí ó má baà jáde. Òǹtajà ni ó di òṣùwọ̀n mú, ìjọba sì gbà á. Nígbà tí Julian Peto, onímọ̀ ìṣirò nípa àìsàn, tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò ní 1978, ó rí i pé ó ṣeé ṣe kí asbestos pa ẹnì kan nínú mẹ́wàá ní ìwọ̀n yẹn.

Ní Amẹ́ríkà náà, ọ̀gá iléeṣẹ́ asbestos tí ń jẹ́ Raybestos-Manhattan, Sumner Simpson, ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà ní 1935 pé bí ọ̀rọ̀ asbestos bá ṣe mọ níwọ̀n lẹ́nu tó ni ó ṣe dára fún àwọn tó.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de èyí tí ó kù nínú rẹ̀ ní 1999, ṣùgbọ́n àìsàn tí asbestos ń fà lè sá pamọ́ sínú ara fún 40 ọdún, àwọn tí ó sì ń pa níbẹ̀ lọ́dọọdún ṣì lé ní 5,000. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ níbẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn ilé tí a kọ́ ṣáájú òfin náà. Nílé níbí, kí àwọn kápẹ́ńtà wa má ṣe fi òòlù fọ́ àjà àtijọ́ ní gbígbẹ, kí wọ́n má sì fi ìgbálẹ̀ gbá eruku rẹ̀. Kí wọ́n fi omi rin ín, kí wọ́n tú u lódindi, kí àwọn ọmọdé má sì sí nítòsí.

Mo sì ń bẹ àjọ SON, tí ó ń gbé òṣùwọ̀n ọjà kalẹ̀ ní Nàìjíríà, pé nígbàkígbà tí wọ́n bá gbé òṣùwọ̀n jáde lórí ohun ìkọ́lé, kí wọ́n tẹ orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n jókòó nínú ìgbìmọ̀ sí ojú ìwé àkọ́kọ́, pẹ̀lú iléeṣẹ́ tí ó ń sanwó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ti gba iye tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.